Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà

Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan, ọmọ Igbóho, bá ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú sọ ní ìpàdé ọdọọdún

   

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí àwọn ọ̀dọ́ wa ṣe lè máa fi ẹsẹ̀ rìn, tàbí kí wọ́n máa gun kẹ̀kẹ́, láti mọ ilẹ̀ tí ó yí wa ká: àwọn ìlú àtijọ́ tí ó jẹ́ aládùúgbò wa, àti igbó ńlá tí òfin ń ṣọ́, nínú èyí tí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ gbogbo wa. Àwọn kan sọ pé nígbà tí kànga kò tíì tó, tí òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ sì ń jò, owó tí a bá ná sórí ìrìn kiri yóò ṣòfò. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù ọ̀nà, ẹ̀rù wọn kì í sì í ṣe lásán. N óò dá àwọn méjèèjì lóhùn. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé: ilẹ̀ tí ọmọ onílẹ̀ kò bá rìn mọ́, díẹ̀díẹ̀ ni yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bí òfin tilẹ̀ ń ṣọ́ ọ.

ÌTÀN ỌBA MỌ́RỌ̀

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ìtàn ìlú wa. Nígbà tí àwọn Tápà ṣẹ́gun Ọ̀yọ́-Ilé ní ayé Aláàfin Onígbogí, ọba àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sá lọ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá. Lẹ́yìn náà ni Aláàfin Ẹ̀gúnojú tẹ Igbóho dó, tí ó sì fi í ṣe olú-ìlú. Níhìn-ín ni Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ ti jọba, ẹni tí ìtàn kan sọ pé obìnrin ni. Níhìn-ín ni Ajíbóyèdé ti jọba. Níhìn-ín ni Abípà náà ti gorí ìtẹ́. Ọba mẹ́rin tẹ̀lé ara wọn ní ìlú wa yìí, gbogbo ilẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ń wá forí balẹ̀ fún wọn níbí.

Abípà pinnu pé kí wọ́n padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Àwọn ìjòyè kò fẹ́. Wọ́n ti kọ́lé, wọ́n ti dáko, Igbóho ti mọ́ wọn lára. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọba ń rán àwọn ènìyàn lọ yẹ ibẹ̀ wò, wọ́n yára kó abuké, àfín, adẹ́tẹ̀, aràrá àti arọ jọ, wọ́n rán wọn ṣáájú lọ fara pamọ́ sórí òkè Àjàká. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, àwọn wọ̀nyí tan ògùṣọ̀, wọ́n ń rìn káàkiri orí òkè, wọ́n ń ké igbe tí ń da jìnnìjìnnì boni. Àwọn ìránṣẹ́ ọba sá padà wálé. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti gba Ọ̀yọ́-Ilé, kò sí àyè fún ènìyàn mọ́.

Ìwé ìtàn tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, èyí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, sọ fún wa pé ọba kò fi ìròyìn náà ṣe òpin ọ̀rọ̀. Ó yan ọdẹ mẹ́fà tí kò mọ ìbẹ̀rù, ó ní kí wọ́n lọ fi ojú ara wọn rí i. Àwọn ọdẹ lọ, wọ́n ká àwọn tí a ń pè ní ọ̀rọ̀ mọ́ orí òkè, wọ́n sì rí i pé ènìyàn bí tiwa ni wọ́n. Wọ́n kó wọn wá bá ọba. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi ń pe Abípà ní Ọba Mọ́rọ̀, ọba tí ó mú ọ̀rọ̀. Ọ̀yọ́ sì padà sílé.

Ẹ̀yin ará mi, ìtàn yìí kì í ṣe ti àná nìkan. Ìròyìn ni ó fẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọba, ẹsẹ̀ ọdẹ mẹ́fà ni ó sì gbà á padà fún un.

OHUN TÍ ÀWỌN ỌMỌ WA KÒ MỌ̀

Ní ọdún tí ó kọjá, mo bi àwọn ọmọ kíláàsì mi léèrè ọ̀rọ̀ ìlú wa. Wọ́n ka orúkọ àwọn Aláàfin tí ó jọba ní Igbóho fún mi láìsí àṣìṣe, nítorí a ti kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí ẹni tí ó bá ti dé etí Igbó Ọba rí nawọ́ sókè, ọwọ́ tí mo rí kò ju mẹ́ta lọ. Mo tún ní kí ẹnì kan fi ìka tọ́ka sí ibi tí Ọ̀yọ́-Ilé wà. Ọmọkùnrin kan dìde, ó fi tìgboyà-tìgboyà tọ́ka sí gúúsù, sí Ọ̀yọ́ tí Aláàfin wà lónìí. Ó rò pé ìlú kan náà ni wọ́n. Ọ̀yọ́-Ilé sì wà ní ìlà-oòrùn wa, ní ìkọjá Ìgbẹ́tì.

Ẹ má ṣe dá àwọn ọmọ lẹ́bi. Ọ̀kadà ni ó ń gbé wọn láti ilé dé ilé-ẹ̀kọ́, mọ́tò ni ó ń gbé wọn láti ìlú dé ìlú. Ẹni tí ó wà lórí ọ̀kadà kò lè bèèrè pé kí ni òkìtì yìí, ta ni ó ń gbé níbi àlàpà yẹn rí, kí ni orúkọ odò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Kí ó tó la ẹnu, wọ́n ti kọjá rẹ̀.

Bàbá mi kò ka ìwé púpọ̀. Kẹ̀kẹ́ Raleigh kan ni ó ní, òun ni ó fi ń lọ ra òrí ní Kìṣí, tí ó sì ń tà á nílé. Ó mọ odò kọ̀ọ̀kan tí ó wà lójú ọ̀nà ní orúkọ. Ó mọ èyí tí ń gbẹ nínú ọ̀gbẹlẹ̀ àti èyí tí kì í gbẹ. Ó mọ abà tí a ti lè bèèrè omi mu, àti igi tí a ti lè fẹ̀yìn ti nígbà tí oòrùn bá mú. A ti kàwé jù ú lọ, ṣùgbọ́n ta ni nínú wa lónìí ni ó lè ka ìdajì orúkọ odò wọ̀nyí? Àwọn tí ó mọ̀ wọ́n ń kú lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, a kò sì kọ wọ́n sílẹ̀.

ÌRÌN ÈKÍNÍ: NÍNÚ ÌLÚ

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ọmọ tó lọ sí ọ̀nà jíjìn, kí ó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rin Igbóho. Kí ó lọ sí Igbó Ọba, níbi tí a sin àwọn Aláàfin tí ó wàjà níhìn-ín sí. Kí ó lọ pẹ̀lú àṣẹ àwọn tí ń ṣọ́ ọ, kí ó dúró níbi tí wọ́n bá ní kí ó dúró sí, kí ó bọ́ bàtà bí wọ́n bá ní kí ó bọ́ ọ. Kí ó wá ipa odi ìlú lọ, nítorí odi ńlá ni a fi yí ìlú yìí ká, ó sì yẹ kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rí bí a ṣe ń gbẹ́ yàrà, tí a sì ń fi erùpẹ̀ rẹ̀ mọ odi.

Ní ọdún 1965, Robert Smith, olùkọ́ ìtàn kan tí ó jẹ́ òyìnbó, kọ̀wé nípa ìgbà tí àwọn Aláàfin fi wà ní Igbóho, ìwé náà sì dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé káàkiri ayé. Ó tó ohun ìyangàn fún wa. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá mọ ọ̀nà ibojì àwọn baba wa, tí ọmọ ilé kò sì mọ̀ ọ́n, ohun ìtìjú wà nínú ìyangàn náà.

ÌRÌN KEJÌ: SÍ ÀWỌN ÌLÚ ALÁDÙÚGBÒ

Kẹ̀kẹ́ ni ó yẹ fún èyí. Kẹ̀kẹ́ kò yára ju ojú lọ, kò sì lọ́ra ju ọjọ́ lọ. Kì í mu epo, kì í pariwo, ẹni tí ó gùn ún sì lè sọ̀ kalẹ̀ nígbàkígbà láti kí àgbẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà.

Ní gúúsù wa ni Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí wà, ọ̀kan nínú àwọn ibi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ìjọba fi ṣe ibùdó. Ní àríwá ni Kìṣí wà, ìlú tí ìtàn rẹ̀ so mọ́ ti Ìbàrìbá gan-an. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí Yorùbá àti Ìbàrìbá ṣe ń gbé pọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, kí ó lọ jókòó ti àwọn àgbà ibẹ̀. Ẹni tí ó bá ti Kìṣí yà sí ìlà-oòrùn yóò dé Ìgbẹ́tì, yóò sì rí òkè Ìyámọpó láti ọ̀nà jíjìn. Orí òkè ni àwọn ará Ìgbẹ́tì sá sí nígbà ogun. Ọmọ tí ó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè náà yóò mọ ìdí rẹ̀, nítorí yóò rí i bí ọ̀tá ṣe máa ń rẹ̀ kí ó tó gòkè dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ní ìlú kọ̀ọ̀kan, ààfin ni kí wọ́n kọ́kọ́ yà sí. Kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí obìnrin kúnlẹ̀, kí wọ́n sọ ọmọ ẹni tí wọ́n jẹ́ àti ohun tí wọ́n bá wá. Ẹni tí ó bá kí onílé kì í sun ìta.

ÌRÌN KẸTA: Ọ̀YỌ́-ILÉ

Èyí ni ó jìnnà jù, òun ni ó sì wúwo jù. Ọ̀yọ́ tí Abípà mú padà sílé wà níbẹ̀ fún ohun tí ó ju igba ọdún lọ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1826, Hugh Clapperton, òyìnbó ará Scotland, dé ibẹ̀ ní ayé Aláàfin Májòtú. Láti Badagry ni ó ti gbéra, ó gba Ṣakí kọjá. Àwọn kan nínú àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ gbéra kú sójú ọ̀nà. Ìránṣẹ́ rẹ̀, Richard Lander, tún padà wá sí Ọ̀yọ́-Ilé ní ọdún 1830 pẹ̀lú àbúrò rẹ̀. Kò pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí ìlú náà fi di ahoro, lẹ́yìn ogun Ẹléduwẹ̀ tí Aláàfin Olúewu bá lọ. Àtìbà sì sọ Àgọ́-Ọ̀jà di Ọ̀yọ́ tuntun.

Igbó bo ìlú náà, ìjọba sì wá fi òfin bo igbó. Ní ọdún 1936 wọ́n ya ìhà òkè odò Ògùn sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí igbó ìjọba. Ní 1941 wọ́n ya ti Ọ̀yọ́-Ilé náà sọ́tọ̀. Ní 1952 wọ́n sọ méjèèjì di igbó tí a fi pa ẹran ìgbẹ́ mọ́. Ní 1991 ìjọba àpapọ̀ gbà á, ó sì di Old Oyo National Park. Gbogbo rẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. A kò gbọdọ̀ dáko níbẹ̀, a kò gbọdọ̀ dọdẹ, a kò gbọdọ̀ gé igi, a kò gbọdọ̀ da ẹran jẹko níbẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ wọlé láìgba àṣẹ.

Nínú rẹ̀ ni igi emi àti igi ayín wà, àti igi oṣè ńláńlá. Níbi tí ẹ bá ti rí igi oṣè púpọ̀ lójú kan, ẹ fara balẹ̀ wo ilẹ̀ ibẹ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ènìyàn ti gbé ibẹ̀ rí. Nínú rẹ̀ ni ẹfọ̀n, ìgalà, egbin àti ọ̀bọ wà. Nínú rẹ̀ ni àpáàdì wà nílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, àti òkìtì gígùn tí ó jẹ́ odi nígbà kan rí. Frank Willett ṣe ìwádìí níbẹ̀ ní ọdún 1956 sí 1957. Lẹ́yìn rẹ̀, Babátúndé Agbájé-Williams, ọmọ Yorùbá, ṣe iṣẹ́ takuntakun lórí ahoro náà. Kò sí mọ́tò tí ó lè bá ènìyàn ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ẹni tí yóò mọ ibi tí odi yà sí, ó di dandan kí ó rìn tẹ̀lé e.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ń bẹ ní Manchester, ẹ ti lè gbọ́ nípa òkè Kinder Scout. Ní oṣù kẹrin ọdún 1932, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ láti Manchester àti agbègbè rẹ̀ kóra jọ, wọ́n rìn gun òkè náà, nítorí àwọn onílẹ̀ ti sé e mọ́ fún ẹyẹ tí wọ́n ń yìnbọn pa. Márùn-ún nínú wọn ṣẹ̀wọ̀n nítorí ọ̀ràn náà. Ní ọdún 1949 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin àwọn ọgbà orílẹ̀-èdè, Peak District tí òkè náà wà nínú rẹ̀ sì di àkọ́kọ́ nínú wọn ní 1951. Nínú ọgbà tiwọn, abúlé àtijọ́ wà, ènìyàn sì ń gbé inú wọn. Ọgbà tiwa kò gba ibùgbé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni èyí: àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n kí wọ́n tó lè fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ràn. Ìwé àṣẹ nìkan ni a ní kí àwa gbà, a kò sì lọ gbà á.

Ọ̀RỌ̀ ÌBẸ̀RÙ

Mo ti sọ pé ẹ̀rù tí ń ba àwọn kan kì í ṣe lásán. Òótọ́ ni pé àwọn ajínigbé ti da ọ̀pọ̀ ọ̀nà rú ní ilẹ̀ wa, òótọ́ sì ni pé àwọn ẹni ibi fẹ́ràn igbó tí ojú kò sí. Kò sí òbí tí yóò fi ọmọ rẹ̀ tọrọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá wọ igbó náà, kí ẹgbẹ́ kankan má sì ṣe lọ láìjẹ́ pé àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà ṣáájú wọn. Kí a kọ́kọ́ bèèrè bí ọ̀nà ṣe rí lọ́wọ́ wọn, lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá, àti lọ́wọ́ Àmọ̀tẹ́kùn tí àwọn ìpínlẹ̀ wa dá sílẹ̀ ní ọdún 2020. Bí wọ́n bá ní kí a dúró, kí a dúró. Ọ̀yọ́-Ilé kò ní sá lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ya ìṣọ́ra sọ́tọ̀ kúrò lára ìkọ̀sílẹ̀. Ìṣọ́ra a máa bèèrè ọ̀nà, a sì máa lọ nígbà tí ọ̀nà bá dára. Ìkọ̀sílẹ̀ a máa sọ pé ibẹ̀ kò ṣeé dé, kò sì ní bèèrè mọ́ títí ayé. Bí àwa bá kọ igbó náà sílẹ̀, àwọn tí ń gé igi lóru kò kọ̀ ọ́, àwọn tí ń dọdẹ láìgba àṣẹ kò kọ̀ ọ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kò pọ̀ tó láti wo gbogbo ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìlú tí àwọn ọmọ rẹ̀ mọ igbó rẹ̀ ni ó máa ń tètè mọ̀ bí àjèjì bá wọ ibẹ̀.

BÍ A ÓÒ ṢE MÚRA

Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kejì ni ó dára jù, nígbà tí òjò ti dá, tí odò sì ti fà. Kí a gbéra ní ìdájí, kí a sinmi ní ọ̀sán. Kí olúkúlùkù gbé omi tí ó tó, nítorí ọyẹ́ a máa gbẹ ọ̀fun ju bí ènìyàn ti rò lọ. Kí ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ yẹ bíréèkì, táyà àti ṣéènì wò ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, kí páńpù àti ohun èlò ìlẹ̀ táyà wà lọ́wọ́ ẹnì kan ó kéré tán. Kí a wọ bàtà tí ó bo ẹsẹ̀, nítorí ejò. Kí a má dáná nínú igbó. Kí a má mú àpáàdì kan ṣoṣo kúrò nílẹ̀, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó, nítorí ibi tí ó wà ni ó fi ń sọ ìtàn rẹ̀. Bí a bá gbé e lọ sílé, ó di odi. Kí a má ya àwòrán ojúbọ ẹnikẹ́ni láìbèèrè.

OHUN TÍ MO Ń BẸ̀BẸ̀ FÚN

Ohun mẹ́ta péré ni. Èkíní, kí ẹgbẹ́ wa yan ọjọ́ kan lọ́dọọdún, nínú ìsinmi ọdún, tí àgbà àti ọmọdé yóò jọ rin ipa odi Igbóho. Èyí kò ní ná wa ní kọ́bọ̀. Èkejì, kí ẹgbẹ́ ra kẹ̀kẹ́ díẹ̀ tí yóò wà ní ìkáwọ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa, kí àwọn ẹ̀ka wa ní Èkó àti ní òkè òkun sì bá wa dá sí i. Ẹ̀kẹta, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ó bá rìn mú ìwé kékeré kan lọ́wọ́, kí ó kọ orúkọ odò, òkè, abà àti àlàpà tí ó bá kọjá sílẹ̀ láti ẹnu àwọn àgbà. Kí a kó ìwé wọ̀nyí jọ, kí a sì máa tẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ jáde nínú ìwé ọdọọdún yìí.

Ẹni tí ó sọ pé kànga ṣe pàtàkì jù, òótọ́ ni ó sọ. Èmi kò ní kí a má gbẹ́ kànga. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò mọ ilẹ̀ rẹ̀ kò ní padà wálé wá mu omi inú kànga náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti lọ, wọn kò wẹ̀yìn, nítorí kò sí ohun tí wọ́n rí nílé tí ọkàn wọn lè so mọ́. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Ọba Mọ́rọ̀ kò bínú sí àwọn tí ẹ̀rù bà. Ó kàn wá àwọn tí yóò lọ wò ó ni. Mo gbàgbọ́ pé irú ọdẹ mẹ́fà bẹ́ẹ̀ kò ní wọ́n wa lónìí, lọ́kùnrin lóbìnrin, láàrin àwọn ọmọ tí a bí ní Igbóho.

Kí Ọlọ́run dá ìlú wa sí. Kí ó pa àwọn ará ilé mọ́, kí ó sì mú àwọn ará oko bọ̀ wálé láyọ̀.  Igbóho á gbè wá o. Àṣẹ.